Ebi Ni Ó Kọ́kọ́ Béèrè Òmìnira

Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Òwe yìí ni àwọn kan ń pa mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945. Wọ́n ní owó lásán ni wọ́n jà sí, pé ti òmìnira kò sí níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á wò ó. Ogun Hitler ti sọ gàrí di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì tó jẹun mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ìjọba fi ìdajì lé owó ìrànwọ́ tí ó ń san nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Ìjọba kọ̀. Ní oṣù kẹfà, àwọn tí ó ju 30,000 lọ pa iṣẹ́ tì, ó sì di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó padà. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ìjọba ti mú un kúrò ní Èkó láti 1943, ó fi í sí Auchi títí di 1945. Kí ni ó ṣe? Ó béèrè owó oúnjẹ. Ìjọba tí ó bá lè tìtorí owó oúnjẹ lé ènìyàn kúrò nílé ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ta ni ó ni ilẹ̀.

Azikiwe gbè wọ́n lẹ́yìn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ìjọba sì ti West African Pilot àti Daily Comet pa ní oṣù keje. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó pe ìyanṣẹ́lódì náà. Ojú ọ̀nà ni àwọn olóṣèlú ti bá àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹni tí ó tètè yé ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Ní 1945 náà ni ó gbé eré Strike and Hunger jáde. Ní 1946, ìjọba kò jẹ́ kí ó ṣe é ní Jos. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, Enugu, ní oṣù kọkànlá 1949, ó tún ṣe Bread and Bullet ní 1950. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń tìtorí awakùsà Enugu ṣeré káàkiri, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kò sí níbẹ̀!

Síbẹ̀, bí a bá ń ka Ògúndé, orin àti ijó rẹ̀ ni a máa ń kà. Bí a bá dé orí 1960, a ó máa ka orúkọ àwọn lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí á máa kọ́ ìtàn ìyanṣẹ́lódì náà pọ̀ mọ́ eré náà. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ bá sì ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà nínú wa, kí ó bi àwọn ará ilé rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ọdún yẹn.