Ta Ló Gba Ìtàn Lọ́wọ́ Kaaro?

"Àǹtí, Kaaro dà?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ nílé wọn ní VGC. Ó ti ka apá kejì ìtàn Rosewater dé ìdajì, ó sì ti fìbínú pa ìwé náà dé. Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tó bá bá ènìyàn rìn látòkèdélẹ̀ ìwé kan ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá wá gba ìjókòó onítọ̀hún nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, inú gbọ́dọ̀ bí ni.

Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó sì dàgbà ní Nàìjíríà, ló kọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìtàn Rosewater pín sí. Rosewater kọ́kọ́ jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ọdún 2066 ni ìtàn ń ṣẹlẹ̀, nílùú tí wọ́n tẹ̀ dó yí ẹ̀dá àjèjì kan ká. Ẹnu Kaaro la ti ń gbọ́ ọ. Olè ni tẹ́lẹ̀, ó ń rí inú ọkàn ọmọ aráyé. Ìyá rẹ̀ gan-an ló kígbe olè lé e lórí tí àdúgbò fi dà bò ó. Nígbà tó yá, ó ń ṣọ́ báńkì. Ìwé ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kà, kí àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ inú ọkàn oníbàárà má baà ríbi wọlé. Ta ni yóò pàdé irú ọkùnrin yìí tí kò ní fẹ́ mọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀?

Ṣùgbọ́n nínú apá kejì, Aminat olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń sáré kiri. Alyssa náà dé, obìnrin tó jí láàárọ̀ tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Jack Jacques, olórí ìlú, kéde pé Rosewater ti kúrò lára Nàìjíríà. Nígbà tí apá kẹta dé, obìnrin mìíràn, Oyin Da, ló gba ọ̀rọ̀ sọ.

Thompson jàre, lójú tèmi. Kaaro kì í fẹ́ gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó láti fi wo ìlú tó ń jà fún òmìnira. Aminat tó ìtàn gbé. Síbẹ̀, ẹnu ti pọ̀ jù láàárín ìwé kejì, èmi ì bá fi ojú ewé díẹ̀ lára ti Jacques gba Kaaro padà.

Thompson ló ni Kaaro; ti àwọn ìwé Star Wars yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ wọ́n kò ni Luke Skywalker. Kò lè pa á, kò lè yí ìwà rẹ̀ padà láìgbàṣẹ; bó ṣe gbà á ni yóò ṣe dá a padà, bí aṣọ àyálò. Ibo ni yóò wá da ọgbọ́n orí rẹ̀ sí? Ara ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ni. Ní 1991, Timothy Zahn gbé Thrawn wọlé, ọ̀gágun tó máa ń wo iṣẹ́ ọnà àwọn ọ̀tá kó tó gbógun tì wọ́n, pẹ̀lú Mara Jade, tó padà di ìyàwó Luke. Àwọn méjèèjì gba ọkàn òǹkàwé. Àṣé àwọn àlejò náà kò fìdí múlẹ̀: ní 2014, Lucasfilm tó ni Star Wars yọ gbogbo ìtàn wọ̀nyẹn kúrò nínú ìtàn gidi. Thrawn padà wá lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2016. Mara Jade kò rí ọ̀nà wọlé títí di òní, ó sì dùn mí.

Fágúnwà ti pààrọ̀ akọni lọ́nà tó dára jù wọ́n lọ. Àkàrà-ògùn ló ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Nígbà tí Igbó Olódùmarè dé ní 1949, Olówó-ayé bàbá rẹ̀ ló di akọni, ṣùgbọ́n Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ló padà wá ròyìn rẹ̀ fún wa. Ẹni àtijọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìtàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ẹnìkan wà nínú ìwé àkọ́kọ́ náà tí mo ṣì ń retí. Nígbà tí Kàkó àti àwọn ọdẹ yòókù ń lọ sí Òkè Lángbòdó, ìyàwó Kàkó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀, Kàkó sì pa á, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn kò dúró ti obìnrin náà. Kí ẹnìkan kọ odidi ìwé nípa rẹ̀, kó bo Kàkó mọ́lẹ̀ pátápátá, èmi ni n ó kọ́kọ́ rà á.