Ẹ Yẹ Ẹnu Ọmọ Náà Wò Ná

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí, ẹ má bínú. Èmi náà wà lára àwọn tí mo ń bá jà.

Àbúrò mi obìnrin bí ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀. Autism ni àwọn dókítà pè é. Nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru. Á ké, á fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, á forí sọ ògiri. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé oúnjẹ fún un, á tì í dànù. Àwa àgbà péjọ, a ní ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ojú lásán. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A ṣe ìṣọ́ òru nílé wọn ní Effurun. Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ ní ọwọ́ ìyá ọkọ wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé náà ká. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì kan tó wá kí wọn tó ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ ti lu, ẹran ìdí rẹ̀ sì ti wú, ó ti gba ọyún.

Akokoro ni o. Akokoro!

Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ á ní, "Mọ́mì, eyín ń dùn mí." Èyí tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́, kí ni kó ṣe? Ògiri ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwa la ò gbọ́ èdè. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwa ń gbàdúrà, a dijú pa pátápátá. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ wá tọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó ṣe é.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé a mọ eyín ọmọ dáadáa nígbà tó bá wù wá. Kí ara ọmọ oṣù mẹ́fà gbóná, eyín ni. Kó yàgbẹ́ gbuuru, eyín ni. Ẹ rántí òògùn eyín yíyọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin lọ́dún 2008. Májèlé kan, diethylene glycol, ló wọ inú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́. Kí ọdún 2009 tó jìnnà, àwọn ọmọ tó ti kú lé ní 80. Eyín yíyọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, a fẹ̀sùn kàn án, a sì ń ra òògùn sí i. Nígbà tí eyín wá jẹ̀bi ní tòótọ́, àjẹ́ là ń wá kiri.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. "Ọmọ tí wárápá ń ṣe, ọmọ ẹlẹ́jẹ̀ SS, ṣé eyín ni kí n wá máa wò? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, àmọ́ kò báyìí mu. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, inú ilé kan náà ni ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá ń gbé.

Ẹ mú ti wárápá. Ọ̀kan nínú àwọn òògùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ń lò sí i ni phenytoin. Ó ń dá gìrì dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ẹran ìdí eyín hù jáde lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó, nígbà míì títí tó fi máa bo eyín mọ́lẹ̀. Bí ẹnu bá sì dọ̀tí, á burú sí i. (Kí òbí kankan má torí èyí dá òògùn dúró o! Dókítà ni kó lọ bá.) Àwọn ọmọ tó ní Down syndrome, bí ìdajì wọn ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù lọ́kàn, àrùn ẹran ìdí eyín sì máa ń tètè mú wọn. Kòkòrò àrùn láti ẹnu lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kó jókòó síbẹ̀, kó sì pa ọmọ. Ọmọ ẹlẹ́jẹ̀ SS, tí à ń bí tó 150,000 wọn lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, eyín tó gba ọyún lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ fún un ní gbogbo egungun. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ le láti ìgbà ìbí, oúnjẹ á há sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ahọ́n rẹ̀ ò ní lè gbá a kúrò. Ká má tíì sọ ti òògùn olómi tó dùn bí oyin, tí à ń fún wọn lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀. Ta ló ń fi omi ṣan ẹnu ọmọ lẹ́yìn rẹ̀?

Àwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́? Ní kíláàsì àwọn ọmọdé, kí la fi ń tu ọmọ tó ń ké nínú? Súìtì àti bisikíìtì. Àkàndá ọmọ ló sì ń gbà jù, torí a fẹ́ kó dákẹ́.

Ilé ìtọ́jú eyín tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ àbúrò mi lọ nínú Warri yìí kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ó máa gé àwọn jẹ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní, "Madam, carry am go Benin." Bẹ́ẹ̀, láti oṣù January ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, tó sì ní kí wọ́n rí ìtọ́jú gbà bíi ti gbogbo èèyàn. Òfin ò sì dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Delta náà ní ètò ìlera tó bá òfin ọdún 2016 wá, tó ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ọmọ bá tó bí ọdún mẹ́fà ni eyín àgbà àkọ́kọ́ tó máa fi ń rún oúnjẹ máa ń yọ. Ẹ̀yìn gbogbo eyín ọmọdé ló ti ń jáde, láìjẹ́ pé ìkankan já. Òbí á rò pé eyín ọmọdé náà ni, pé yóò já láìpẹ́. Kò ní já. Ọ̀fẹ́ ti tán kí eyín tí ọmọ máa lò dalẹ́ tó yọ. Irú eyín yẹn gan-an ni ti ọmọ àbúrò mi. Yíyọ ni wọ́n yọ ọ́.

A lọ sí Benin nígbẹ̀yìn. Dókítà ibẹ̀ kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju pé ó fún un ní òògùn ọyún àti ti ìrora, ó sì jẹ́ kó fọwọ́ kan àga, kó di jígí kékeré yẹn mú. Ó ní ohun tí àwọn ń ṣe fún ọmọdé nìyẹn: sọ fún un, fi hàn án, kó o tó ṣe é. Ó ní ká mú un wá láàárọ̀ kùtù nígbà míì, kí èrò tó pọ̀, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀ òògùn olómi kan fún wa, silver diamine fluoride, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn òògùn kò-ṣeé-má-nìí lọ́dún 2021. Wọ́n á kàn fi kun ibi tó ń jẹrà, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń han. Ibẹ̀ á dúdú, àmọ́ ó sábà máa ń dá jíjẹrà náà dúró. Tó bá jẹ́ pé a tètè dé ni o.

Nílé, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ, kí orí rẹ̀ fara ti àyà yín, kẹ́ ẹ fọ ẹnu náà fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí ọṣẹ ìfọyín mọ bíi hóró ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, bíi hóró ẹ̀wà kan fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin dára, pákò dára, àmọ́ ọmọ tí kò lè dá rún un ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má sì ki ìka bọ ẹnu ọmọ tó ń gé nǹkan jẹ.

Àkàndá ọmọ mẹ́sàn-án ni mo kà nínú ìjọ wa, àwọn tí òbí wọn ń mú wá nìkan nìyẹn. Bọ́ọ̀sì wa gbé àwọn akọrin dé Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, a ò ráhùn owó epo. Ní UBTH, níbi tí Yunifásítì Benin ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, a lè mú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀nà Sapele ni, èèyàn á lọ á sì bọ̀ lójúmọ́ kan. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ká dúró dìgbà tí ìkórè bá kọjá. Mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ Tuesday ló rọrùn fún òun.