Sísanra Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìtọ́jú

Ìyàwó ilé kan dé ibi ìnáwó ẹbí ọkọ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Ara rẹ̀ ti dín kù díẹ̀, bùbá rẹ̀ ti ń yọ̀ ní èjìká, ó sì gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ. Kò tíì jókòó tí àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀: “Háà, ìyàwó wa, ṣé kò sí o? Kí ló dé tí o rù báyìí? Àbí ọkọ rẹ ò tọ́jú rẹ mọ́ ni?” Wọ́n ti gbé àwo ìrẹsì dé, wọ́n tún fi ẹran mìíràn lé e, pé kó jẹun kí ara rẹ̀ lè padà sípò. Kò sí ẹni tó béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ń tọ́jú fún un ṣe ń ṣe sí.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti jókòó lábẹ́ kánópì rí. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tó sanra ló ń jayé, pé ẹni tí ara rẹ̀ dín kù, ìyà ló ń jẹ ẹ́, àti pé ara èèyàn ni a fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà. Òun sì ni odi àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ dín ara kù máa ń forí sọ, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni wọ́n sì mọ odi náà.

Ìgbàgbọ́ yìí ní ìdí

Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ebi. Láyé tí ogun ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko, tí ọ̀dá lè ba iṣu jẹ́ tán, ara tó kún ń sọ fún gbogbo ayé pé àká ilé yẹn kò ṣófo. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, Yorùbá ní ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ìṣẹ́ ti tú u sílẹ̀ nìyẹn. Yorùbá nìkan kọ́ ló rò bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹ́fíìkì ní Kàlàbá ní yàrá tí wọ́n ti ń bọ́ ọmọge tó fẹ́ relé ọkọ títí ara rẹ̀ yóò fi kún kí wọ́n tó mú un jáde fún aráyé rí.

Ẹ̀rù mìíràn tún wá kún un. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, “Slim” ni àwọn ará Uganda ń pe àrùn éèdì, nítorí bó ṣe ń jẹ ara èèyàn tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, kéde fún gbogbo Nàìjíríà pé àrùn náà ló fa ikú àbúrò òun, Fẹlá. Ní àwọn ọdún yẹn, ojú ìfura ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá ṣàdédé rù. Sísanra wá di ìwé ẹ̀rí pé àìsàn kò sí nílé.

Ṣùgbọ́n àká ti yàtọ̀ sí tàtijọ́. Lónìí, ohun tó wọ́n lọ́jà ni ẹja, ẹyin, ẹran, èso àti ẹ̀fọ́. Ohun tí owó kékeré ń rà ni gàrí, búrẹ́dì, núdù, bọ́nsì àti ohun mímu aládùn. Owó tí kò tó gbọ́ bùkátà ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó lẹ́ja nínú ṣì lè ra búrẹ́dì àti mínírà. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè sanra kó má sì lówó lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ á kún tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò sì ní tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù 890 ló sanra débi tí sísanra náà fi di àrùn. Ìgbádùn kọ́ ló kó gbogbo wọn débẹ̀.

Igbó-Ọrà àti Maywood

Àwọn kan á ní ti ìdílé àwọn nìyẹn: “Ìyá wa sanra, ìyá wọn sanra, ẹ̀jẹ̀ wa ni.” Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, nítorí ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe apá kan rẹ̀.

Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Babatunde Osotimehin, tó padà di mínísítà ìlera ní Nàìjíríà, wà lára wọn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsanra àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbi mẹ́ta: Nàìjíríà àti Cameroon, níbi tí àwọn ará Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà wà lára wọn; àwọn erékùṣù Jamaica, Barbados àti Saint Lucia; àti Maywood, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù náà, 33 ní Maywood. Bí ara ṣe ń sanra sí i láti ibi kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń gòkè.

Orírun kan náà ni, ìgbésí ayé ló yàtọ̀. Ará Igbó-Ọrà ìgbà náà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó ń fi ọkọ́ kọ ebè, ó ń jẹ ohun tó gbìn. Ará Maywood ń wọkọ̀, ó ń jókòó síṣẹ́, ó ń ra oúnjẹ tó ti wà nínú páálí. Èyí tó yẹ kó kó ìdààmú bá òǹkàwé ni pé ẹni tó ń gbé Ìkẹjà tàbí Bódìjà lónìí, tó ń lo wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tó ń jẹ iyán ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó sì ń sùn lé e, ti jọ ará Maywood ju ará Igbó-Ọrà ìgbà náà lọ.

Ohun tí ọ̀rá ń ṣe kò fara sin. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn lẹ́yìn. Orúnkún tí ìyá àgbà ń fi róòbù pa lálaalẹ́ ń gbé ẹrù: kílò kan péré tó bá kúrò lára, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tépù télọ̀ tó wà nílé sì lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìbàdí obìnrin tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, tàbí ti ọkùnrin tó bá kọjá 94, ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ní 88 fún obìnrin àti 102 fún ọkùnrin, ewu náà ti pọ̀.

Rírù yàtọ̀ sí dídín ara kù

Àwọn tó ń bẹ̀rù ìrù ní ẹjọ́ kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń jẹun bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí kò yí nǹkan kan padà, tí ara rẹ̀ sì ń jò lójoojúmọ́, gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ikọ́ fée, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìfura tó bá mú ará ilé sọ fún un pé kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, ìfura tó dára ni.

Ti ẹni tó dín òkèlè kù, tó ń rìn láràárọ̀, tó mọ iye kílò tó ti sọ̀, yàtọ̀ pátápátá. Èdè Yorùbá gan-an ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí àìsàn ń ṣe ni a ń sọ pé ó rù, ó gbẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá pé tí kò gbé ẹran àpọ̀jù, a ní ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èdè tó ń yin ara tó kún náà ló ń pe alájẹjù ní wọ̀bìà, tó sì ń kìlọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó ní àṣà Yorùbá fọwọ́ sí ọ̀rá àpọ̀jù, apá kan àṣà ló mú, ó ju apá kejì nù.

Ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ

Àṣìṣe kejì wà tó bá ti àkọ́kọ́ rìn: pé ẹni tó sanra ni kó lọ wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀. Wọ́n á fún un ní ẹ̀wà lọ́tọ̀, ìyókù ilé á sì máa jẹ dòdò lójú rẹ̀. Wọ́n á pè é ní ọ̀rọ́bọ̀, wọ́n á ní àwàdà ni. Yẹ̀yẹ́ kì í yọ ọ̀rá. Ó lè sọ onítọ̀hún di ẹni tó ń jẹun ní kọ̀rọ̀, tó sì ń tijú láti jáde rìn.

Nicholas Christakis àti James Fowler yẹ àkọsílẹ̀ ìlera èèyàn 12,067 wò ní Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti 1971 dé 2003. Bí ọ̀rẹ́ ẹnì kan bá sanra jù, ó fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ṣeé ṣe sí i kí òun náà sanra jù. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ìdá 40. Bó bá jẹ́ ọkọ tàbí aya, ìdá 37. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kò ní ya ẹni tó bá mọ bí ilé Yorùbá ṣe ń jẹun lẹ́nu. Ẹni kan ló ń mú ìgbakọ dání. Ohun tó bá bù ni gbogbo wọn ń jẹ.

Nítorí náà, ìkòkò ni kí ará ilé kọ́kọ́ tún ṣe. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún òróró tàbí epo pupa ní kálórì bíi 120. Ọbẹ̀ tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ lè kó kálórì jọ ju ẹran inú rẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi ṣíbí wọn epo dípò kí wọ́n máa dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Kí mọ́ínmọ́ín gba ipò àkàrà láwọn òwúrọ̀ kan, nítorí ẹ̀wà kan náà ni, ọ̀kan kò kàn mu òróró ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá má jẹ àmàlà mọ́. Kí òkèlè dín kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i. Àwọn tó ti sá lọ sọ́dọ̀ wítì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé gíráàmù 100 ìyẹ̀fun wítì, gàrí àti èlùbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní kálórì. Gbogbo wọn wà ní àyíká 350. Wítì tó tóbi bí orí ọmọ kò lè mú ẹnikẹ́ni fúyẹ́.

Mínírà ni kó kọ́kọ́ kúrò nínú fíríìjì. Ìgò sẹ̀ǹtílítà 50 lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, ìyẹn ṣíbí tíì méjìlá, nígbà tí WHO ní yóò dára kí èèyàn má kọjá gíráàmù bíi 25 lójúmọ́. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Owó orí yẹn kéré. Fíríìjì tí kò sí mínírà nínú rẹ̀ ló lágbára jù ú lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìrìn. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń jó kálórì bíi 150, ìgò mínírà yẹn sì ní nǹkan bí 200. Ìrìn nìkan kò lè san gbèsè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara wálẹ̀, kì í sì jẹ́ kí ọ̀rá tó lọ tètè padà. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni WHO béèrè, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ kì í pàṣẹ fún ìyá rẹ̀, kò sì yẹ kó gbìyànjú rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé ọ̀nà títì ká tó wẹ̀” á wọlé sí ìyá létí ju ìkìlọ̀ dókítà ogún lọ, pàápàá bí ọmọ náà bá ti wọ bàtà tirẹ̀.

Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ikùn wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ewé senna tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Omi ara àti ìgbẹ́ ni òṣùwọ̀n ń rí pé ó lọ. Ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà.

Ẹni tó bá ń rò pé gbogbo èyí kéré jù, kó wo ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002. Èèyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ń bọ̀ wá bá ni wọ́n kó jọ. Àwọn kan gba oògùn metformin, àwọn kan gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyókù bí wọn yóò ṣe jẹun àti bí wọn yóò ṣe máa rìn, pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ déédéé. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n lé ni kí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn lọ, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Metformin dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ àti ìrìn dín in kù ní ìdá 58. Láàárín àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 71 ni. Fún ẹni tó wọn kílò 100, ìdá méje yẹn jẹ́ kílò méje péré. Kò ní sọ ọ̀rọ́bọ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ará àdúgbò lè má tilẹ̀ rí i. Ara onítọ̀hún á rí i.

Ìnáwó ẹbí mìíràn ń bọ̀. Àwọn àgbà á tún béèrè bóyá kò sí. Kí ọmọ tó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ níbẹ̀ má dákẹ́, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: “Kò sí nǹkan kan, Màmá. A jọ ń rìn láràárọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì ti ń wálẹ̀.” Kó wá gba àwo ìrẹsì náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kó bu ìdajì rẹ̀ sínú àwo mìíràn, kó sì béèrè bóyá ẹja wà.