Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Wádìí Ìdí Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi owó kòkó rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi ọmọ yín ní ohun tí ó ń kọ́ nípa ìsìn. Yóò ka orúkọ àwọn wòlíì fún yín láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé èéṣe tí olóòótọ́ fi ń jìyà nígbà tí olè ń jẹ ọlá, yóò wolẹ̀. Orí ọmọ náà kò kú o. Ìdánwò ni a kọ́ ọ fún, a kò kọ́ ọ láti wádìí ìdí ọ̀rọ̀.

A kò bá ìsìn jà, a kò sì gbàgbé oore. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ìgbàgbọ́ tí ọmọ kò yẹ̀ wò rí, ẹlẹ́nu dídùn kankan lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irú wọn sì pọ̀ nílùú, pàápàá nígbà ìbò.

Ẹ wo àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣàkẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Filọ́sọ́fì wà nínú ìdánwò bakaloréà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Faransé: ọmọ yóò kọ èrò rẹ̀ nípa òmìnira tàbí òdodo, yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa níhìn-ín kì í gbọ́ orúkọ iṣẹ́ náà títí wọn yóò fi wọ yunifásítì. Ṣé ààlà tí òyìnbó fà ni yóò pín ọgbọ́n fún wa?

Kì í sì í ṣe ọgbọ́n òkèèrè nìkan ni a ń bèèrè. Odù Ifá 256 wà nílẹ̀, tí àjọ UNESCO bu ọlá fún ní 2005. Dókítà Sophie Olúwọlé, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tí ó sì di olóògbé ní 2018, fi Ọ̀rúnmìlà wé Sókírátíìsì nínú ìwé rẹ̀, ó sì ka àwọn méjèèjì sí onímọ̀.

Àwọn pásítọ̀ àti àfáà kan yóò fara ya. Ẹ fi ọkàn wọn balẹ̀: ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ Sókírátíìsì kò torí rẹ̀ di abọ̀rìṣà ilẹ̀ Gíríìkì. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 38, kò sì gbà kí a fi ipá kọ́ ọmọ ní ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àríyànjiyàn ni a fẹ́ ní kíláàsì, a kò fẹ́ ìbọ.

A ń ké sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n fi filọ́sọ́fì sínú iṣẹ́ ọdún méjì ìparí ní girama, kí wọ́n sì gba àwọn tí wọ́n gboyè nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó síṣẹ́ olùkọ́. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ìlú rẹ̀ kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé.