Ta Ni Ó Ń Bá Yín Ra Ilẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń dá àjọ, tí ẹ ń fi èrè ẹja àti èrè aṣọ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè ra pulọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ de àwọn ọmọ yín, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Ẹ gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ìtóìkín títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ ó rí i pé ibi tí àwọn baba wa ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ti di ibi tí wọ́n ń ri bíkónì mọ́. Pulọ́ọ̀tì kan, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, lè gbé owó tí ènìyàn fi ọdún 10 kó jọ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ẹni tí a ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ẹ̀rù yóò bà yín. Aránṣọ tí ó ń gé léèsì yín kọ́ṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fún un ní fírídọ̀ọ̀mù. Agbẹ̀bí tí ó gba ọmọ yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ejẹ́ǹtì tí ó ń bá yín ra ilẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ó ti kọ́ṣẹ́? Ta ni ó fún un ní ìwé?

Irú òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nídìí iṣẹ́ yìí, a sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Èkíní ni awọnlẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní súfèyọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wọn ilẹ̀, kí ó ri bíkónì, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ìgbìmọ̀ SURCON, tí òfin 1989 dá sílẹ̀, ni ó ń fi orúkọ wọn sínú ìwé. Bí awọnlẹ̀ bá parí iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà àwòrán náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Àláùsá, Ìkẹjà.

Èkejì ni àwọn tí à ń pè ní estate surveyor and valuer. Orúkọ wọn jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í wọn ilẹ̀. Àwọn ni ó ń díye lé ilé àti ilẹ̀, tí wọ́n ń bá onílé tọ́jú ilé, tí wọ́n ń bá ni rà, tí wọ́n sì ń bá ni tà. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ní 1975 ni ìjọba ológun ṣe Òfin 24, tí ó dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀ láti máa fi orúkọ wọn sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta ni ejẹ́ǹtì lásán, ẹni tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní simsār. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2021 dá LASRERA sílẹ̀ láti máa ṣe àbójútó iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi bíbá ènìyàn ta ilé tàbí ilẹ̀ jẹun ní Èkó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó sì máa sọ ìwé náà dọ̀tun.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù wà lọ́wọ́ èkejì. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì 5 nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ kọ́ Estate Management. Ní yunifásítì, ọdún 5 ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ bí Yaba College of Technology, yóò fi ọdún 2 gba ìwé àkọ́kọ́, yóò jáde lọ fi iṣẹ́ kọ́ra, kí ó tó padà wá fi ọdún 2 mìíràn gba HND. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kò ní láti rán ọmọ jìnnà: ilé-ẹ̀kọ́ Lagos State Polytechnic àtijọ́, tí wọ́n sọ di yunifásítì ní 2022, ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí nínú ìlú yín.

Bí ó bá sì gba ìwé ẹ̀rí tán, kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, yóò máa kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, yóò ṣe ìdánwò ẹgbẹ́, wọn yóò sì pè é jókòó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ìgbà náà ni yóò tó gba òǹtẹ̀ tirẹ̀.

Ìwé gbígbà yàtọ̀ sí ìwé dídì mú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì tún ń padà lọ jókòó gba ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, nítorí òfin ilẹ̀ ń yí padà. Ẹni tí ó bá hùwà àìtọ́, ìgbìmọ̀ ìbáwí lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí ní ìlú Houston, ejẹ́ǹtì lásán pàápàá gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 180, kí ó yege nínú ìdánwò, kí ó sì wà lábẹ́ ọ̀gá kan kí ó tó lè ta ilé. Kí ó tó sọ ìwé rẹ̀ dọ̀tun ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò fi wákàtí 90 kún un, lẹ́yìn ìyẹn wákàtí 18 ní gbogbo ọdún méjì-méjì. Ghana náà ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2020.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín jókòó sílé, tí ó ní ejẹ́ǹtì ni òun ń ṣe, ẹ má bú u. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ kí ó lọ gbà á. Bí orí rẹ̀ bá sì pé, ẹ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó ń ta ilẹ̀ tí kò mọ ẹni tí ó ni ín, ọgbà ẹ̀wọ̀n lè gbà á, owó opó àti ti ọmọ òrukàn yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ mọ̀ pé ìwé àṣẹ ejẹ́ǹtì kò sọ ilẹ̀ burúkú di rere. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé sì pọ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ gbé àwòrán lọ sí Àláùsá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà mọ́. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ìbuwọ́lùwé ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo kò tó. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí ìgi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní 2016, nígbà tí Akínwùnmí Aḿbọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ta ilẹ̀ tí ó ti tà tẹ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin kì í gba owó padà lóòjọ́.

Ẹ gba rìsíìtì, ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ wá lọ́yà. Ẹ̀yin obìnrin, bí owó bá jẹ́ tiyín, kí orúkọ yín ni ó wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí ti ejẹ́ǹtì. Tìjú kò sí nínú bíbéèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba owó yín. Abèèrè kì í ṣìnà.