Ẹ yéé kọ́ mólékù sórí bí orin

1/
Ẹ̀yin ọmọ 100 level tẹ́ ẹ ń wá past question CHM 101 kiri láti àná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọ́ ìdáhùn ọdún márùn-ún sórí, mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò bí ọ̀gá, mo jáde bí ẹni tí wọ́n já fóònù ẹ̀ gbà. F ni mo gbà. Mo gbé kọ́ọ̀sì yẹn dé 200 level, CGPA mi ò sì débi tó yẹ kó dé títí mo fi jáde.

2/
Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ti mọ̀ ọ́n lórí pé CO₂ nà gbọnrangandan, pé H₂O tẹ̀. Ọdún tèmi, wọ́n ní: átọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú èkíní, mẹ́ta ló wà nínú èkejì, kí ló dé tí ìrísí wọn ò dọ́gba? Mo wo pépà, pépà náà wò mí.

3/
Èrò mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: èèyàn lè kọ́ orúkọ sórí, kò lè kọ́ ìdí sórí. Ìdí ọ̀hún ò sì pọ̀. Negative charge ni gbogbo ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù gbé, torí náà wọ́n ń ti ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì tó ṣófo, ṣé ẹ̀gbẹ́ àjèjì lẹ máa lọ jókòó sí? Ibi tó jìnnà sí i ni. Ohun tí Gillespie àti Nyholm ṣàlàyé lọ́dún 1957 nìyẹn, òun la wá ń pè ní VSEPR.

4/
Ó yá, ẹ mú bíírò. H₂O: ọ́síjìn mú ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù 6 wá láti ìpele òde, háídrójìn méjèèjì mú 1-1 wá. Àpapọ̀ 8. Ẹ pín in ní méjì-méjì, ó di ọ̀nà mẹ́rin. Méjì di bond. Méjì tó kù ò di ẹnikẹ́ni mú: lone pair nìyẹn.

5/
Mẹ́rin tó ń sá fún ara wọn máa fi 109.5° jìnnà síra. CH₄ nìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n lone pair máa ń gba ààyè ju bond lọ, bí ẹni tó na ẹsẹ̀ gbalaja nínú danfo. NH₃ ní ẹyọ kan, igun ẹ̀ dín sí 107°. H₂O ní méjì, ó dín sí 104.5°. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé nọ́ńbà, ẹ ṣì máa mọ èyí tó kéré jù, ẹ ó sì mọ ìdí ẹ̀.

6/
CO₂ ńkọ́? 4 + 6 + 6 = 16. Kábọ́ọ̀nù fi double bond mú ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan, double bond kan, ìhà kan la kà á sí. Kò sí lone pair lórí kábọ́ọ̀nù. Ìhà méjì péré, 180°. Ó tán. Ìlà mẹ́ta ló gbé mi ṣubú o!

7/
Mo ti ń gbọ́ yín: "Aunty, àkókò ò sí." Mo mọ̀. Èrò kún kíláàsì, ojú fèrèsé lẹ dúró sí, màíkì ò dún, iná ti lọ. Mi ò ní past question ò dáa. Mo ní kẹ́ ẹ ya tiyín kẹ́ ẹ tó wo ìdáhùn, torí ìdáhùn inú group WhatsApp yẹn, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

8/
Ẹni tó ní kò wúlò, kó lọ wo pure water nínú firísà. Kí ló dé tí ọ̀rá ẹ̀ wú? Torí H₂O tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ́síjìn ní negative díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ háídrójìn ní positive díẹ̀, mólékù kan ń fa èkejì: hydrogen bond. Tó bá di yìnyín, bond yẹn á tò wọ́n síra, á fi àlàfo sáàárín wọn. Òun náà ló jẹ́ kí yìnyín léfòó.

9/
Iṣẹ́ alẹ́ òní: CH₄, NH₃, H₂O, CO₂, BF₃, SO₂, HCN, PCl₅, SF₆, XeF₂. Ẹ ya mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láì wo ibì kankan, kẹ́ ẹ sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè fún ẹnì kan. Ibi tẹ́nu yín bá ti kọ́, ibẹ̀ lẹ máa kà.

10/
Nígbà tí mo tún un ṣe, B ni mo gbà. Orí mi ò yí padà láàárín ọdún kan. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé "kí ló dé?" ni. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ 100 level kan kó tó pẹ́ jù.