Ìwádìí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ: Ta Ni Ó Ń Béèrè, Ta Sì Ni Ó Ń Jèrè?



Bí a bá dárúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni ohun tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun. Bí a bá sì dárúkọ ìwádìí, a máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni, ní ilé gíga tí òṣìṣẹ́ kì í dé. Èrò yìí ni ó ń mú wa dúró títí ẹ̀rọ tuntun yóò fi dé ẹnu iṣẹ́ wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ète ọ̀rọ̀ wa lónìí ni láti fi hàn yín pé ìwádìí kì í ṣe ohun àjèjì sí òṣìṣẹ́, àti pé ẹni tí ó bá béèrè ìbéèrè ni ìdáhùn máa ń ṣe lóore. Àpẹẹrẹ tí a ó lò kò jìnnà sí wa. Ààrò tí àwọn obìnrin fi ń yan ẹja ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Nàìjíríà, àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ sójú òkun, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó sábà máa ń dúró gba ẹja ní etí omi. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa, wákàtí díẹ̀ ni ó ní kí ó tó bàjẹ́. Níbi tí yìnyín kò bá sí, tí iná mànàmáná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, èéfín ni ó ń gba ẹja là. Ààrò amọ̀ roboto tàbí àgbá irin tí a gé lórí ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń lò ó títí di òní ní ibi púpọ̀. Ẹja tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò tó nǹkan. Ooru ń sá jáde, igi ń jó dànù, obìnrin náà sì ń fi ọwọ́ yí ẹja padà lórí iná, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìṣòro mẹ́ta ni ó sùn pọ̀ nídìí ààrò kan ṣoṣo: igbó ń tán, èrè ń kéré, ara òṣìṣẹ́ sì ń bàjẹ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí oúnjẹ ti ìjọba Gánà, pẹ̀lú àjọ FAO, tí í ṣe àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìṣòro yìí lọ sí Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní ìlú Accra. Wọ́n bá àwọn obìnrin tí ń yan ẹja níbẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì gbé ààrò tuntun karí ọgbọ́n ààrò àtijọ́. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni ayé ń pè ní ààrò Chorkor.

Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ààrò amọ̀ tàbí bíríkì onígun mẹ́rin ni, ó ní ẹnu iná méjì níwájú. Orí rẹ̀ ni a ń to àwọn àtẹ onígi tí a ta àwọ̀n wáyà sí nísàlẹ̀ sí, ọ̀kan lórí èkejì, tí ó lè tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àtẹ náà fúnra wọn ni ó ń há ooru mọ́ inú, tí wọ́n sì ń mú kí èéfín gba àárín ẹja kọjá kí ó tó jáde. Kò tún sí pé à ń fi ọwọ́ yí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan lórí iná: àtẹ ni à ń pààrọ̀, ti ìsàlẹ̀ a bọ́ sókè, ti òkè a bọ́ sísàlẹ̀. Igi tí ń jó dín kù, ẹja tí à ń yan lẹ́ẹ̀kan pọ̀ sí i, wàhálà sì fúyẹ́. Bíríkìlà àdúgbò lè mọ ọ́n, káfíńtà àdúgbò sì lè kan àtẹ rẹ̀. Nítorí náà ni kò fi dúró sí Gánà nìkan. Ó dé Tógò, ó dé Bẹ̀nẹ̀, ó dé Gínì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní agbègbè wa.

Ẹ ṣàkíyèsí ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwọn tí yóò lo ààrò náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìbéèrè tiwọn, èyí tí í ṣe ti igi, ti àkókò àti ti èrè, ni ìwádìí náà dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná, tí igi kò sì jó dáadáa, èéfín tí ó ti ibẹ̀ jáde máa ń ru àwọn èròjà olóró kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní PAH. Ọ̀kan nínú wọn, benzo(a)pyrene, jẹ́ èyí tí a mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dín ìwọ̀n èròjà yìí tí ó lè wà nínú ẹja tí a fi èéfín gbẹ kù, láti máíkírógíráàmù 5 sí 2 nínú kílógíráàmù kan. Ẹja tí a yan lórí ààrò ìbílẹ̀, àti lórí ààrò Chorkor pàápàá, sábà máa ń kọjá ìwọ̀n yìí. Bí ọjà àwọn obìnrin tí ń fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí Yúróòpù ṣe wọ inú ewu nìyẹn.

Ní Sẹ̀nẹ̀gà, àjọ FAO àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìpẹja ní Thiaroye, nítòsí Dakar, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ààrò mìíràn láti ọdún 2008. FTT-Thiaroye ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò da ti Chorkor nù. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹyin iná ni ó ń mú ẹja jiná, àwo kan wà lábẹ́ àtẹ tí ń gba ọ̀rá kí ó má baà kán sínú iná, èéfín tí ń fún ẹja ní adùn àti àwọ̀ sì ń ti ibòmíràn wá lẹ́yìn tí ẹja bá ti jiná. Ìyanu kọ́ ni èyí. Àwọn ènìyàn fara balẹ̀ wá ibi tí oró náà ti ń wọlé, wọ́n sì dí ojú ọ̀nà rẹ̀.

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ kan òṣìṣẹ́ gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wá: báwo ni igi yóò ṣe dín kù, kí èrè sì pọ̀ sí i? Ẹni tí ń jẹ ẹja ní òkèèrè ni ó ni ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ ẹja yìí kò ní pa mí lára? Ìbéèrè méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta ńkọ́? Òfin tí a sọ yẹn ń wọn ohun tí ó wà nínú ẹja. Kò wọn ohun tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó yan án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020. Ti ìdáná inú ilé ni wọ́n kà yẹn o. Ẹni tí ń yan ẹja tà kì í sì í kúrò nídìí iná bí ẹni tí ó se ọbẹ̀ tán. A kò sẹ́ pé ààrò tuntun náà ń dín èéfín tí ń lu ojú òṣìṣẹ́ kù. Ohun tí à ń wí ni pé ara òṣìṣẹ́ kò yẹ kí ó jẹ́ èrè ẹ̀yìn ọ̀la nínú ìwádìí. Ó yẹ kí ó wà lára ohun tí a kọ́kọ́ béèrè.

Owó tún wà níbẹ̀. FTT wọ́n ju Chorkor lọ, ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan kò sì lè dá a rà. Ní Côte d'Ivoire, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni ó gba ààrò yìí, tí wọ́n jọ ń lò ó. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí ìmọ̀ bá dára tó, bí kò bá sí ẹgbẹ́ tí yóò gbé e dé ọwọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀, inú ìwé ni yóò kú sí.

Ẹ̀yin ará, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, “Èmi kì í yan ẹja, nọ́ọ̀sì ni mí,” tàbí pé, “Ilé iṣẹ́ aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí ilé iṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ tí ń dín owó epo kù, wọn a ní ó ṣe àyíká lóore, ó sì ṣe ọlọ́jà lóore. Ta ni ó wọn ariwo rẹ̀ létí ẹni tí ó dúró tì í? Ta ni ó wo eruku tí ń ti inú rẹ̀ jáde? Ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́?

A ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 1981 tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1994, sọ pé kí a máa fi ọ̀ràn ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ lọ àwọn òṣìṣẹ́ tàbí àwọn aṣojú wọn. Ní 2022, àjọ kan náà kà á mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́ pé kí ibi iṣẹ́ jẹ́ ibi ààbò àti ìlera. Àwọn ilé ìwádìí sì wà ní ilẹ̀ wa. FIIRO wà ní Òṣòdì láti ọdún 1956, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe gàrí. NIOMR wà ní Èkó fún ọ̀ràn òkun àti ẹja, òun náà sì ti ṣe ààrò ẹja tirẹ̀. Owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má kan ilẹ̀kùn wọn.

Nítorí náà, à ń rọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ó fi ìpàdé kan jíròrò ohun mẹ́rin wọ̀nyí, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ó ń pa wá lára jù ní ibi iṣẹ́ wa? Ẹ̀rọ tuntun wo ni ó dé láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ta ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kí ó tó dé? Ilé ìwádìí wo ni ó wà nítòsí tí a lè gbé ìṣòro wa tọ̀ lọ? Bí ohun èlò tí ó sàn jù bá wọ́n, báwo ni a ṣe lè fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa rà á?

Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ nìkan dáhùn. Ẹ bi ẹni tí ó sún mọ́ iná jù lọ. Òun ni ó mọ ohun tí ìwádìí kò tíì béèrè.